Aláriwo Tí Bàbá Mi Fi Sẹ́nu Ilẹ̀kùn Ọkọ̀

Ọjọ́ Àìkú ni ọjọ́ náà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ ti kọjá díẹ̀, nítorí pé agogo ìparí ìsìn ti dún kí a tó sọ̀kalẹ̀ láti orí òkè ṣọ́ọ̀ṣì. Ọyẹ́ mú púpọ̀; eruku funfun bo àwọn òkè Atakpamé tó bẹ́ẹ̀ tí a kò fi rí orí wọn, ètè gbogbo wa sì ti là. Bàbá mi ni ó wà níwájú, Màmá tẹ̀lé e, èmi ni mo gbẹ̀yìn, mo gbé bàtà mi lọ́wọ́ kí ó má baà tètè gbó. Bí a ti yà kúrò lójú ọ̀nà tí ó lọ sí Kamina, tí a wọ agbo ilé wa, Bàbá mi dúró lójijì, Màmá sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kọ lù ú. Ọkọ̀ wà níbi tí ó máa ń wà, lábẹ́ igi máńgòrò. Ilẹ̀kùn rẹ̀ ní apá ibi tí awakọ̀ ń jókòó ṣí sílẹ̀ gbayawu. Adìẹ ń tan ilẹ̀ lábẹ́ rẹ̀ ní ìrọ̀rùn. Kò sí ìró mìíràn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́ yẹn ni ó bà wá lẹ́rù, nítorí pé bí ilẹ̀kùn náà bá ṣí láìgba àṣẹ, ó yẹ kí gbogbo àdúgbò ti péjọ. Bàbá mi kò sáré. Ó rọra rìn débẹ̀, ó gbé ìjókòó sókè, ó wo ihò tí ó wà lábẹ́ rẹ̀, ó sì sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo: "Bátìrì." Wọ́n ti yọ bátìrì ọkọ̀ lọ.

Ní kíláàsì ìrọ̀lẹ́ tí mo ń lọ ní ọjọ́ ogbó mi yìí, olùkọ́ wa kọ́ wa pé ẹni tí ó bá fẹ́ ṣàlàyé ohun kan, kí ó kọ́kọ́ sọ èyí tí ó fojú rí, kí ó tó sọ èyí tí ó gbọ́, kí ó sì fi èyí tí ó rò sí ìkẹyìn. Mo fẹ́ gbìyànjú láti ṣe bẹ́ẹ̀. Ohun tí mo mọ̀ dájú ni pé ọkọ̀ náà kì í ṣe ti Bàbá mi. Fò Kòkú ni ó ni ín, oníṣòwò kan tí ó ti etíkun wá, tí ó ń ra òwú àti kòkó káàkiri Anié àti Datcha. "Fò" ni àwọn Ewé fi ń pe ẹ̀gbọ́n ọkùnrin, gbogbo wa sì ń pè é bẹ́ẹ̀, títí kan Ìyá Àgbà, ìyá bàbá mi, tí ó dàgbà tó láti bí i. Bàbá mi ni sọ́fẹ̀ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni a ṣe ń pe awakọ̀ ní ayé Faransé. Agbo ilé wa ni ọkọ̀ sì ń sùn, nítorí pé ó súnmọ́ ojú ọ̀nà, ó sì tẹ́jú. Kí ọyẹ́ ọdún náà tó dé, kíríìkì tí wọ́n fi ń gbé ọkọ̀ sókè ti sọnù nínú rẹ̀. Kò pẹ́, agolo epo pẹtiróòlù kan tún di àwátì. Fò Kòkú wá, ó jókòó lórí àpótí, ó mu omi tí Màmá gbé fún un, ó sì fi ohùn pẹ̀lẹ́ sọ̀rọ̀: "Sọ́fẹ̀ Òjó, lẹ́ẹ̀kínní mo ní eku ni. Lẹ́ẹ̀kejì mo ní ológbò ni. Bí ó bá di ẹ̀ẹ̀kẹta, ènìyàn ni, Kọ̀máńdà ni yóò sì bá mi wá a." Kò sí ẹni tí ó nílò ìtumọ̀. Ní ìgbà náà, Kọ̀máńdà Faransé lè sọ ènìyàn sí ẹ̀wọ̀n láìpe ẹlẹ́rìí kan. A ń rí irú àwọn ẹlẹ́wọ̀n bẹ́ẹ̀ létí ọ̀nà, wọ́n ń gé koríko nínú oòrùn, àwọn ọmọ wọn ń gbé oúnjẹ tọ̀ wọ́n lọ. Ẹni tí ó bá sì ti ibẹ̀ dé, kò sí ọlọ́kọ̀ tí yóò tún fi ọkọ̀ lé e lọ́wọ́.

Agbo ilé wa kì í ṣe ibi ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Ní àfẹ̀mọ́júmọ́, ìgbálẹ̀ Màmá ni ó ń kọ́kọ́ sọ̀rọ̀ lórí ilẹ̀ gbígbẹ, lẹ́yìn náà ni awó Ìyá Àgbà yóò bẹ̀rẹ̀ sí í bú ara wọn lórí òrùlé koríko. Nígbà tí oòrùn bá ga, odó yóò gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu wọn. Iyán ni à ń jẹ ní ọ̀sán bí iṣu bá wà, ẹ̀wà àti gààrì bí iṣu bá ti tán. Láti ọ̀nà jíjìn a máa ń gbọ́ fèrè rélùwéè, Ìyá Àgbà a sì sọ pé, "Ó ti tún ń sunkún, ó jìnnà sílé ìyá rẹ̀." Iṣẹ́ tèmi ni kí n pọn omi, kí n yọ kóró kúrò nínú òwú, kí n sì jẹ́ ojú fún Ìyá Àgbà nígbàkigbà tí ó bá fẹ́ ki okùn sínú abẹ́rẹ́. Ìyá Àgbà kò ṣe ìgbàgbọ́. Ó ní igun tirẹ̀ lẹ́yìn ilé tí ó ti ń bá àwọn tí ó ti lọ sọ̀rọ̀, Bàbá mi sì gbà fún un, bí kò bá ti gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí iwájú ilé. Wọ́n fẹ́ràn ara wọn. Ṣùgbọ́n ohùn wọn máa ń rẹlẹ̀ bí wọ́n bá ti dé ibi ààlà yẹn, gẹ́gẹ́ bí ẹni méjì tí ń gba orí afárá tóóró kọjá.

Lẹ́yìn tí Fò Kòkú ti sọ ọ̀rọ̀ yẹn, ọjọ́ mẹ́ta ni Bàbá mi fi ń rìn yí ọkọ̀ ká. Ní ọjọ́ kẹrin ó gé okùn tí a ń sá aṣọ sí. Okùn náà kì í ṣe okùn lásán. Wáyà bàbà ni. Bàbá rẹ̀ ni ó ká a wá sílé láti Kamina, nígbà tí ilé iṣẹ́ ńlá tí àwọn Jámánì fi ń bá ìlú wọn sọ̀rọ̀ láti ojú ọ̀run ti wó. Láti ìgbà náà, ohun tí ó ti ń gbé ọ̀rọ̀ ọba Jámánì wá ń gbé ìró Ìyá Àgbà. Nígbà tí Màmá jáde pẹ̀lú ọpọ́n aṣọ tútù, tí kò rí okùn, ó dúró ó ń wo ojú ọ̀run. "Bàbá Àìná," ni ó wí, "ṣé orí yín ni kí n sá a sí?" Bàbá mi dáhùn láìgbé orí sókè: "Sá a sórí koríko. Okùn yẹn ti ríṣẹ́ ìjọba." Ó fi rọ́bà táyà inú tí ó ti gbó wé wáyà náà láti òkè dé ìsàlẹ̀, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tí ń di ọgbẹ́, kí irin ara ọkọ̀ má baà kàn án.

Ohun tí ó ṣe kò le lójú mi mọ́ nísinsìnyí, nítorí pé mo ti rí irú rẹ̀ tí olùkọ́ wa fi ẹfun yà sára pátákó. Nígbà náà, iṣẹ́ ìyanu ni. Bátìrì wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀. Agbára iná ń jáde láti ara rẹ̀ gba inú wáyà lọ sí ọ̀dọ̀ fèrè ọkọ̀, ó sì gbọ́dọ̀ rí ọ̀nà padà sínú bátìrì; bí ọ̀nà náà bá já níbikíbi, bí ó ti wù kí ibi tí ó já kéré tó, iná kò ní lọ, fèrè kò sì ní ké. Bàbá mi mọ̀ọ́mọ̀ já ọ̀nà náà ní ibi méjì. Ibi àkọ́kọ́ wà ní ara òpó ilẹ̀kùn. Ó kan ahọ́n idẹ pẹlẹbẹ méjì mọ́ inú ihò kan níbẹ̀, ó sì fi èèkàn igi kékeré kan sáàárín wọn. Bí ilẹ̀kùn bá wà ní pípadé, ó ń ti èèkàn náà wọlé, èèkàn sì ń ya ahọ́n méjèèjì sọ́tọ̀. Bí ilẹ̀kùn bá ṣí, èèkàn yóò yọ, ahọ́n yóò kan ahọ́n, ọ̀nà yóò so pọ̀, fèrè yóò sì ké láìdáwọ́ dúró. Ibi kejì ni kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀: irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan lábẹ́ pákó tí a ń tẹ̀ gun ọkọ̀. Ẹni tí ó bá fẹ́ ṣí ilẹ̀kùn ní ìrọ̀rùn, yóò kọ́kọ́ fà á sẹ́yìn láti já ọ̀nà. Bí ó bá ti ti ilẹ̀kùn tán, yóò ti irin náà padà. Bàbá mi àti Fò Kòkú nìkan ni ó mọ ibẹ̀. Ibi tí ahọ́n idẹ wà nìkan ni ẹni tí ó bá wò ó dáadáa lè rí nígbà tí ilẹ̀kùn bá ṣí, mo sì ti wò ó dáadáa. Aláriwo ni a sọ gbogbo rẹ̀ lórúkọ.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, Aláriwo mú ẹni mẹ́ta, kò sì sí olè nínú wọn. Adìẹ kan gba ojú fèrèsé wọ inú ọkọ̀ lọ yé ẹyin. Màmá ṣí ilẹ̀kùn láti lé e, fèrè sì ké tó bẹ́ẹ̀ tí òun àti adìẹ fi jọ bọ́ sílẹ̀ lórí ara wọn. Àwọn ọmọ àdúgbò wá síbẹ̀, wọ́n ń pàtẹ́wọ́: "Ọkọ̀ Sọ́fẹ̀ ń rọbí o! Ẹ gbé omi gbígbóná wá!" Ní ọjọ́ kejì, ẹni tí ó wá ra awó fa ilẹ̀kùn ṣí láti mọ̀ bóyá irin gidi ni. Ní ọjọ́ kẹta, Bàbá mi fúnra rẹ̀ gbàgbé kọ́kọ́rọ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́nu ọ̀nà, ó ń ran òwú, ó ní, "Òjó, ọmọ mi, ohun tí o ṣe yìí ní ẹnu, ṣùgbọ́n kò ní ojú. Ojú lalákàn fi ń ṣọ́rí. Èyí tí ń bú ìyàwó ilé bí ó ti ń bú olè, báwo ni yóò ṣe mọ ẹni tí òun yóò dá dúró?" Bàbá mi rẹ́rìn-ín. "Ìyá, kì í ṣe iṣẹ́ rẹ̀ láti mọ̀. Kí ó sáà ké. Àwa ni a ó wá wo ẹni tí ó jẹ́."

Èyí ni kò tẹ́ Ìyá Àgbà lọ́rùn. Ní oko gbogbo àwọn ará wa, ẹni tí ó bá fẹ́ kí a má fọwọ́ kan nǹkan òun ń fi àálè kọ́ ọ: àkísà, ìkarahun ìgbín, ṣùkù àgbàdo, ohun tí kò ní láárí lójú ẹni tí kò mọ̀. Kì í ké. Kò sí ẹni tí ń jí i gbé, kò sì sí ẹni tí ń ré e kọjá. Ìyá Àgbà ti so ọ̀kan mọ́ imú ọkọ̀ nígbà tí kíríìkì sọnù, Bàbá mi sì tú u kúrò kí àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì tó rí i. Kò sọ̀rọ̀ líle. Ohun tí ó sọ kò ju pé, "Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, kì í ṣe iwájú ilé." Àgbà obìnrin náà mi orí, mo sì rò pé ọ̀rọ̀ ti parí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àbámẹ́ta, ọjọ́ tí ó ṣáájú ọjọ́ Àìkú tí mo fi bẹ̀rẹ̀, Bàbá mi ń fọ ọkọ̀. Ó ti fa kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ sẹ́yìn, ilẹ̀kùn sì ṣí sílẹ̀. Màmá pè é wá jẹun. Bí ó ti wọlé tán, Ìyá Àgbà fi ìka pè mí. Ó mú ìdì kékeré kan jáde láti etí ìró rẹ̀, aṣọ aró tí a wé pọ̀, kò tóbi ju àtàǹpàkò lọ. Mo ti rí i nígbà tí ó ń dì í. Èmi ni mo ki okùn sínú abẹ́rẹ́ tí ó fi rán an. "Ìka tìrẹ kéré ju tèmi lọ," ni ó wí. "Fi í sí ibi tí ojú bàbá rẹ kò ní dé, ṣùgbọ́n tí ọwọ́ olè kò ní ṣàì kọjá." Mo bi í pé, "Ìyá Àgbà, Bàbá ńkọ́?" Ó ní, "Kì í ṣe iwájú ilé ni o ń fi í sí. Inú ilẹ̀kùn ni." Ó mú mi fi ìka kan ilẹ̀ pé n kò ní sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo sáré lọ. Ihò kan ṣoṣo ni mo mọ̀ ní ara òpó ilẹ̀kùn náà, ihò tí ahọ́n idẹ méjèèjì wà. Mo fi ìdì náà há sáàárín wọn, lẹ́yìn èèkàn igi, mo tì í wọlé títí n kò fi rí i mọ́. Inú mi dùn. Mo rò pé olùṣọ́ méjì yóò máa bá ara wọn sọ̀rọ̀ ní òkùnkùn ibẹ̀, pé ọ̀kan ní ẹnu, èkejì ní ojú. Bàbá mi jẹun tán, ó parí iṣẹ́ rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì ti kọ́kọ́rọ́ padà. Fèrè kò ké, kò sì yẹ kí ó ké, nítorí pé ilẹ̀kùn wà ní pípadé. Kò sí ọ̀nà kankan tí ó fi lè mọ̀ pé aṣọ ti dí ahọ́n Aláriwo lọ́nà, pé wọn kò lè kan ara wọn mọ́ bí ilẹ̀kùn tilẹ̀ ṣí títí di alẹ́.

Ní ọjọ́ Àìkú náà, Ìyá Àgbà ni a fi sílẹ̀ láti ṣọ́ ilé. Nígbà tí Bàbá mi ti rí ihò bátìrì, ó lọ bá a lẹ́yìn ilé, níbi tí ó ti ń to igi ìdáná. "Ìyá, ṣé ẹ jáde ni?" Ó ní, "Mo lọ ṣẹ́gi. Kò pẹ́." "Ṣé ẹ gbọ́ fèrè?" "N kò gbọ́ ohunkóhun." Kò tún sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ ní gbogbo ọjọ́ náà, kò sì jẹ oúnjẹ alẹ́. Màmá rò pé ìtìjú pé ó fi ilé sílẹ̀ ni. Èmi náà rò bẹ́ẹ̀. Nísinsìnyí mo rò pé ohun tí ń jẹ ẹ́ ju ìyẹn lọ: ó ti fọkàn balẹ̀ lọ ṣẹ́gi nítorí pé ó gbẹ́kẹ̀ lé àálè rẹ̀, ẹnìkan sì ti ré e kọjá. Fún irú ẹni tí ó jẹ́, ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ bátìrì.

Fò Kòkú, tí Bàbá mi ti ránṣẹ́ sí, dé ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì pẹ̀lú Mẹ́nsà, sọ́fẹ̀ ọkọ̀ rẹ̀ kejì, wọ́n sì gbé bátìrì mìíràn dání. Kò bínú, èyí ni ó burú. Ó jókòó lórí àpótí, ó ní, "Sọ́fẹ̀, mo ti ro ọ̀rọ̀ yìí láti àná. Bí Aláriwo rẹ bá ń ṣiṣẹ́, ẹni tí ó mọ kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ ni ó jí bátìrì. Bí kò bá sì ṣiṣẹ́ láti ìbẹ̀rẹ̀, o ti purọ́ fún mi. Èwo ni kí n sọ fún Kọ̀máńdà?" Bàbá mi ní, "Ọ̀gá, ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ wò ó." Ó so bátìrì mọ́ ọn, ó ti ilẹ̀kùn, ó ti kọ́kọ́rọ́, ó sì ṣí ilẹ̀kùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. Mẹ́nsà rẹ́rìn-ín sí ẹ̀gbẹ́ kan: "Òjó, ìwọ ni o sọ ní Anié pé ọkọ̀ rẹ lẹ́nu ju ìyàwó rẹ lọ. Ṣé ìyàwó ti kọ́ ọ ní sùúrù ni?" Màmá pòṣé láti ìdí ààrò. "Ẹnu tìrẹ ni kí wọ́n kọ́ ní sùúrù, Mẹ́nsà."

Bàbá mi yí padà sí ọkọ̀. Ó fi wáyà kan so bátìrì mọ́ fèrè tààrà, fèrè sì ké, awó fò lórí òrùlé. "Bátìrì wà láàyè, fèrè wà láàyè," ni ó wí. Ó so ẹnu méjèèjì kọ́kọ́rọ́ ìkọ̀kọ̀ pọ̀, ó tún ṣí ilẹ̀kùn. Ìdákẹ́jẹ́ẹ́. "Kì í ṣe kọ́kọ́rọ́." Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ ọkọ̀, ó ń fi ìka tọ wáyà bàbá rẹ̀ lọ, láti ìdí ìjókòó, lábẹ́ ilẹ̀ ọkọ̀, ó ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀ sí apá ilẹ̀kùn. "Kò já níhìn-ín. Kò já níhìn-ín." Ibẹ̀ ni ó ti yé mi. Kò sí ẹni tí ó ṣàlàyé fún mi. Mo kàn rí i pé ohun gbogbo tí kò ní àrùn ni ó ń yọ kúrò, àti pé ohun tí yóò kù ní ìkẹyìn ni ibi tí mo fi ọwọ́ mi sí. Mo di òwú tí mo ń yọ kóró rẹ̀ mú. Ìyá Àgbà jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ọwọ́ rẹ̀ kò dúró, ó ń ran òwú tirẹ̀. N kò gbàgbọ́ pé ó tíì mọ̀.

Bàbá mi dìde, ó fi ìka sínú ihò òpó ilẹ̀kùn, ó sì yọ ìdì aṣọ aró náà jáde. Ó wò ó. Ọwọ́ Ìyá Àgbà dúró. Mo fẹ́ kí a ṣàkíyèsí èyí, nítorí pé mo ti dàgbà púpọ̀ kí n tó mọ ìtumọ̀ rẹ̀: Bàbá mi wo ìránṣọ ara ìdì náà, ìránṣọ tí ó wà lára gbogbo aṣọ tí ó ti wọ̀ ní kékeré, kò sì wo apá ibi tí ìyá rẹ̀ jókòó. Ó wo ilẹ̀.

Fò Kòkú dìde. "Kí ni ìyẹn?"

"Aṣọ ni, Ọ̀gá. Òun ni kò jẹ́ kí wọ́n kan ara wọn."

"Ta ni ó mọ bí ibẹ̀ ṣe ń ṣiṣẹ́?"

"Èmi. Mo sì ti fi han ẹ̀yin náà."

"Ṣé èmi ni mo fi í síbẹ̀?"

"Rárá, Ọ̀gá."

"Ó ku ta ni, Sọ́fẹ̀?"

Bàbá mi pa ọwọ́ dé mọ́ ìdì náà. Mẹ́nsà kò rẹ́rìn-ín mọ́. Fò Kòkú gbé fìlà rẹ̀ dé orí, ó ní, "Ó dára. Wọṣọ, kí a máa lọ sọ́dọ̀ Kọ̀máńdà." Bàbá mi sì yí padà láti lọ wọ aṣọ.

Mo dìde. Òwú dà sílẹ̀ lára mi. Mo ní, "Èmi ni." Fò Kòkú wò mí bí a ti ń wo ọmọ tí ó fẹ́ gba bàbá rẹ̀ sílẹ̀. "Àìná, padà jókòó," ni Bàbá mi wí, ohùn rẹ̀ sì le ju bí mo ti gbọ́ ọ rí lọ. Mo mọ̀ pé wọn kò ní gbà mí gbọ́, nítorí náà mo sọ ohun tí ẹnikẹ́ni tí kò sí níbẹ̀ kò lè mọ̀. "Ẹ má tíì tú u. Ìkarahun ọmọ ìgbín kékeré wà nínú rẹ̀, àti ègé ṣùkù àgbàdo tí a sun, àti ìyẹ́ awó kan. Èmi ni mo ki okùn sínú abẹ́rẹ́." Mẹ́nsà gba ìdì náà, ó fi ehín já okùn, ó sì tú u sí àtẹ́lẹwọ́. Ìkarahun. Ṣùkù. Ìyẹ́. Ó yára gbọ̀n ọ́n sílẹ̀, ó sì nu ọwọ́ mọ́ ara ṣòkòtò rẹ̀, nítorí pé òun náà mọ ohun tí ó jẹ́. Ó tutọ́ láti fọ ẹnu tí ó fi já okùn.

Ìgbà yẹn ni Ìyá Àgbà tó sọ̀rọ̀. "Ọmọ náà kò purọ́. Ọwọ́ rẹ̀ ni mo fi ṣe é. Mo fẹ́ kí ọkọ̀ náà ní ojú."

Fò Kòkú yọ fìlà. Ó bi í pẹ̀lú ọ̀wọ̀: "Ìyá, kí ló dé tí ẹ kò sọ?"

"Mo ń wá ọ̀rọ̀ tí n ó fi sọ ọ́ ni," ni Ìyá Àgbà wí. "Ọmọ yìí rí tirẹ̀ kíákíá jù mí lọ."

N kò mọ̀ bóyá òtítọ́ ni. Mo ti gbé ìbéèrè yìí rìn jìnnà. Bí mo bá ti dúró fún ìwọ̀n ìgbà tí Bàbá mi yóò fi wọ aṣọ, ṣé Ìyá Àgbà yóò dìde fúnra rẹ̀? Bí ó bá dìde, ohun tí ó ṣe ì bá jẹ́ ìjẹ́wọ́ àgbà, a ó sì bọ̀wọ̀ fún un. Nítorí pé èmi ni mo kọ́kọ́ dìde, ó di ẹni tí ọmọ tú àṣírí rẹ̀ níwájú àlejò, lẹ́yìn tí ọmọ náà ti fi ìka kan ilẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá mi ti ń lọ wọ aṣọ. N kò rí ohun mìíràn tí mo lè ṣe nígbà náà, n kò sì tíì rí i títí di òní. Ẹni tí ó ní kí a sọ òtítọ́ kò sọ fún wa pé òtítọ́ tí ó gba ẹnìkan sílẹ̀ lè dójú ti ẹlòmíràn.

Fò Kòkú jókòó padà, ó béèrè omi, ó sì mu ún tán. Ó ní, "N kò ní lọ sọ́dọ̀ Kọ̀máńdà. Olè ni ó jí bátìrì, kì í ṣe sọ́fẹ̀ mi. Ṣùgbọ́n n kò lè jẹ́ kí ọkọ̀ sùn níbi tí ẹni méjì ti ń ṣọ́ ọ, tí wọn kò bá ara wọn sọ̀rọ̀." Bàbá mi ní, "Ọ̀rọ̀ yín tọ́, Ọ̀gá." Kò bá ìyá rẹ̀ jà. Ó tẹ̀ ba, ó ṣa ìkarahun, ṣùkù àti ìyẹ́ náà nílẹ̀, ó sì gbé wọn lọ fún un ní ọwọ́ méjèèjì. Ìyá Àgbà gbà wọ́n, ó so wọ́n mọ́ etí ìró rẹ̀, ó sì padà sídìí òwú rẹ̀. A kò mọ ẹni tí ó jí bátìrì náà rí.

Láti ọjọ́ náà, ẹ̀gbẹ́ ilé ìkẹ́rùsí Fò Kòkú lẹ́bàá rélùwéè ni ọkọ̀ ń sùn. Bàbá mi kò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀. Ìyá Àgbà kó lọ sí Datcha, sí ilé àbúrò rẹ̀ obìnrin, kí òjò àkọ́rọ̀ tó rọ̀, kò sì tún bá wa gbé mọ́.